Ọkọ̀ Díákónì Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ti Dé Ẹdẹ

Ẹjọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dé ààfin lánàá, bí ẹ bá lè gbà fún mi pé ilé Baálẹ̀ Rájí ní àdúgbò wa nílùú Ẹdẹ ni ààfin. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn ilé ti wó lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ṣì dúró dáadáa, iwájú ni àlejò sì máa ń rí.

Àwọn méjì ló máa ń bá Baálẹ̀ gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀tún Babátúndé máa ń jókòó lápá ọ̀tún, Ìyálóde Sìmbíátù lápá òsì. Nígbà kan, odindi obì ni wọ́n máa ń gbé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ṣọ́jà ti ní ká máa fara dà á, obì kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín. Ọ̀tún ló ń pa á, awẹ́ tó tóbi jù sì máa ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú Ìyálóde kì í fi í dùn nígbà tí ẹjọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Díákónì Jacob Afọlábí ni olùpẹ̀jọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti na ìdajì àdúgbò yìí lẹ́gba, títí kan Baálẹ̀. Owó tí wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì ló fi ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan tó ti Jámánì wá. Owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù tó yẹ kó máa tẹ̀lé e kò wá, ló bá ń fi ọkọ̀ náà kó èrò láti Ẹdẹ sí Ara, títí dé Awo. Kabúkabú ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ sí i létí. Ó ní òun kàn ń ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ ni.

Olùjẹ́jọ́ ni Ògúndèyí, mẹkáníìkì, ọmọ Alajue, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò lójú títì. Aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ wá ti ń mu òróró láti ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ kí Baálẹ̀ tó sì dìde, òjìji rẹ̀ kù sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Tíṣà, ẹ sọ tẹnu yín," Baálẹ̀ ní.

Díákónì dìde. "Kí fìlà pẹ́ lórí, Baálẹ̀." Adé kò sí lórí Baálẹ̀ wa, nítorí náà a máa ń ṣe àdúrà yẹn bó ṣe bá a mu. "Ọkùnrin yìí ti sọ ọkọ̀ mi di ọ̀mùtí."

"Kí ló ń mu?"

"Epo bẹntiróòlù. Epo tí à ń tò fún ọjọ́ méjì ká tó rí i rà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rọ kẹ́ẹ̀gì kan sí i, ó máa gbé mi lọ sí Awo lẹ́ẹ̀mẹta, á sì gbé mi bọ̀. Ní báyìí, kẹ́ẹ̀gì kan náà kò gbé mi kọjá Ara. Èéfín dúdú ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìyá ọlọ́mọ kan tó wọ aṣọ funfun fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìyá yẹ ọmọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé tòun ni."

Ìyálóde béèrè pé, "Ṣé ọmọ ọ̀hún padà mọ́?"

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́, Ìyálóde."

Baálẹ̀ yíjú sí Ògúndèyí. "O gbọ́ ohun tí tíṣà wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n mo gbọ́."

"Kí ni òótọ́ ibẹ̀?"

"Wọ́n gbé ọkọ̀ wá bá mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní ó ń gbóná. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá tamọsítáàtì níbẹ̀, mo yọ ọ́. Kò sí mẹkáníìkì kan ní gbogbo agbègbè yìí tí kò ní yọ ọ́."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, Bàbá. Òyìnbó fi dí ọ̀nà omi kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Ìlú wọn tutù, yìnyín ń bọ́ níbẹ̀. Èwo ni ti yìnyín ní Ẹdẹ? Láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́, mi ò tíì fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rí. Kódà, mo ti yọ ti ọkọ̀ yín."

"Ti ọkọ̀ tèmi?"

"Láti ọdún tó kọjá, Bàbá."

Baálẹ̀ wo Ọ̀tún, Ọ̀tún wo àjà. Òun ló gbé ọkọ̀ Baálẹ̀ lọ síbẹ̀.

Díákónì kò dúró kí wọ́n pe òun. "Ògúndèyí, dúró dáadáa. Yọ ọwọ́ kúrò lápò. Ṣé tamọsítáàtì nìkan lo yọ?"

Ògúndèyí sáré yọ ọwọ́ kúrò lápò. Ó hàn gbangba pé òun náà ti jẹ nínú ẹgba yẹn rí. "Nǹkan kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sà, wáyà méjì ló wà nídìí rẹ̀. Mo yọ ìyẹn náà."

"Nítorí kí ni?"

"Ìyàwó tamọsítáàtì ni. Nígbà tí ọkọ ti kúrò nílé, kí ni ìyàwó tún ń ṣe níbẹ̀?"

Ilé gba ẹ̀rín. Ìyálóde nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi ti kúrò nílé láti ọdún mọ́kànlá, mo ṣì wà nínú ilé rẹ̀. Ta ló fẹ́ wá yọ mí?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mò ń sọ."

"Máa sọ ọ́ dáadáa."

"Kí lo wá fi dí ihò tó kù síbẹ̀?" Baálẹ̀ béèrè.

"Bóòtù ni, Bàbá, mo sì fi gọ́mù yí i ká. Kò jò títí dòní."

"Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ iná," Díákónì ní.

"Iná wo?"

"Láti ọjọ́ tó yọ nǹkan yẹn ni iná kékeré kan ti tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mi, àwòrán ẹ́ńjìnnì ló wà lára rẹ̀. Kò kú tọ̀sán tòru. Mo gbé ọkọ̀ padà fún un. Ó ní kí n lọ jẹun kí n tó wá gbé e. Nígbà tí mo dé, iná ti kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Baálẹ̀. Mo tún gbàdúrà fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó mi ń nu inú ọkọ̀, ni pílásítà dúdú kan bá ṣí tẹ̀lé aṣọ ìnulẹ̀. Iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń tàn yòò."

"Ògúndèyí, ìwọ lo lẹ pílásítà mọ́ iná?"

"Èmi ni, Bàbá. Olófòófó ni iná yẹn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣe tirẹ̀ jẹ́jẹ́, òun jókòó síwájú, ó ń rojọ́ rẹ̀ fún gbogbo èrò. Ẹ wo irú àsìkò tí a wà. Ẹni tó bá ń sọ ohun tó ń lọ nínú ilé síta, ṣé ire ló ń wá? Mo kàn ní kó dákẹ́. Nílẹ̀ yìí lónìí, ohun tí wọ́n fi ń pa àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́ le ju pílásítà lọ."

Ọ̀tún yọjú lójú fèrèsé láti wò bóyá ẹnì kan ń kọjá. Baálẹ̀ wúkọ́, ó ní kí wọ́n má kọ ìyẹn sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀ àfi èmi, mi ò sì jẹ́wọ́.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Gbénga ni, rẹwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Abẹ́ máńgòrò kan náà ni òun àti Ògúndèyí ti ń ṣiṣẹ́, láti ọdún mẹ́fà sì ni wọn kò ti kí ara wọn.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ní ọpọlọ," Gbénga ní. "Àpótí kékeré kan ni, a máa ń pè é ní búréènì bọ́ọ̀kìsì. Bí ara ọkọ̀ kò bá yá, iná yẹn ló fi máa ń sọ ọ́. Èèyàn á fi wáyà so ihò méjì kan pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná á wá máa ṣẹ́jú. Iye ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni ó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Mo ní ìwé tí mo dà kọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Mo ṣe é fún ọkọ̀ tíṣà. Ó ṣẹ́jú méjì, ó sinmi díẹ̀, ó tún ṣẹ́jú méjì. Méjìlélógún nìyẹn."

"Mẹ́rin ni," Ògúndèyí ní.

"Méjìlélógún ni. Wọ́n á kọ méjì, wọ́n á tún kọ méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Bàbá, méjì àti méjì, mélòó ni? Tíṣà yìí kan náà ló kọ́ mi ní ìṣirò. Mo tìtorí rẹ̀ jẹ ẹgba mẹ́fà. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Díákónì. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí pé mẹ́rin ni, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ kó jẹ́ méjìlélógún.

"Mẹ́rin ni," ó ní nígbà tó yá, "ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ọkọ̀."

Baálẹ̀ ní kí á lọ wo iná náà lójú ara wa. Wọ́n ti fi ọwọ́ ti ọkọ̀ wá sí iwájú ààfin láti àárọ̀, nítorí Díákónì kò fẹ́ fi epo ṣòfò. Gbénga so wáyà rẹ̀. Àwọn olóyè mẹ́ta há orí mọ́ ojú fèrèsé kan ṣoṣo, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Mẹ́jọ ni mo kà," Ọ̀tún ní.

"Ẹ ò kà á dáadáa," Baálẹ̀ ní. "Mo ti ka ogún, kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àìsàn ọkọ̀ yìí pọ̀."

"Èmi ò ka nǹkan kan," Ìyálóde ní. "Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣẹ́jú sí mi kó tó fẹ́ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó."

Gbénga ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ẹnì kan á fi dá a lóhùn."

Baálẹ̀ ní òun ní irú rẹ̀ méjì nílé. Ó ní kí á wọlé padà.

Gbénga tú ìwé rẹ̀. Ìwé náà ti gbó, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta. Ó kà á fún wa pé, níbi tí wọ́n kọ méjìlélógún sí, ohun tó ń wọn bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. "Ohun tí Ògúndèyí pè ní ìyàwó tamọsítáàtì gan-an nìyẹn, Bàbá. Sẹ́ńsọ̀ ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé omi ti gbóná. Nígbà tí ọpọlọ kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ó rò pé òtútù ló mú. Bí òtútù bá sì mú ọkọ̀, epo púpọ̀ ló máa ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè ta jí."

Ìyálóde tẹ̀ síwájú. "Ẹ dúró ná. Ṣé ọkọ̀ yìí kò mọ̀ pé òun ti dé Ẹdẹ ni?"

"Kò mọ̀, ìyá. Ó rò pé Jámánì lòun ṣì wà."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Nínú oòrùn yìí náà ni, ìyá."

"Ta ló sì yẹ kó sọ fún un?"

"Nǹkan kékeré yẹn ni."

Ìyálóde fa ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn, ó wo Ògúndèyí láti orí dé ẹsẹ̀. "O yọ ẹni tó yẹ kó ṣe ògbufọ̀ fún àlejò, o wá lẹ pílásítà mọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń ké."

"Ìyá, tíṣà ló ní kí n yọ ọ́."

"Èmi?" Díákónì fò dìde. "Mi ò sí níbẹ̀. Mo lọ sí ibi ìpàdé àwọn díákónì. Ẹ pe ìyàwó mi, òun ni ẹlẹ́rìí mi."

Wọ́n pe Bọ́lánlé, ìyàwó Díákónì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbùkún. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, wọ́n ní kó dìde.

"Ìyá Ìbùkún, ṣé ọkọ yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Àwọn ni wọ́n di abọ́ mú tí omi ń dà sí."

"Bọ́lánlé," Díákónì pè é jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá sọ òtítọ́, Bàbá Ìbùkún. Wọ́n tún ní, 'Yọ gbogbo ohun òtútù tó bá wà níbẹ̀, a kì í ṣe òyìnbó.'"

Ògúndèyí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run. Díákónì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

Bọ́lánlé kò tíì parí. "Ṣùgbọ́n kí Baálẹ̀ mọ èyí. Ọkọ̀ yìí kò tíì jáde láti ọjọ́ mẹ́rin, nítorí epo tó ń mu ju ohun tí èrò ń san lọ. Òun nìkan ló ń bọ́ wa. Ọkọ mi ń sọ pé àwọn ń gba ààwẹ̀, wọ́n ń ti abọ́ tiwọn sọ́dọ̀ mi. Mo ti bá díákónì gbélé pẹ́, Bàbá. Mo mọ ẹni tó ń gba ààwẹ̀, mo sì mọ ẹni tí kò jẹun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Díákónì ń wo bàtà rẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ó ti na èmi náà rí, kò sì jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ṣe.

Baálẹ̀ nu ojú. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Ògúndèyí, dá nǹkan náà padà kí á lọ sílé."

"Kò ṣeé dá padà, Bàbá."

"Kí nìdí?"

"Ó wà lọ́wọ́ Ògún."

"Ògún wo?"

"Ògún ilé wa ní Alajue. Gbogbo irin tí mo bá yọ lára ọkọ̀ tí mi ò ní lò mọ́, iwájú rẹ̀ ni mò ń gbé e sí. Bí bàbá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe nìyẹn, bí bàbá tiwọn náà ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ti jẹ epo, ó ti jẹ àkùkọ. Ta ló fẹ́ lọ gba nǹkan lọ́wọ́ Ògún, Bàbá? Ẹ rán an, mo fẹ́ wò ó."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rán òun. Ọ̀tún béèrè pé ṣé wọn kò lè ra òmíràn.

"Mo ti wá a dé Òṣogbo, mo wá a dé Ìbàdàn," Gbénga ní. "Wọn ò kó o wọlé mọ́. Ẹnì kan ní òun ní i. Nígbà tó mú un jáde, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, ó tóbi ju àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ọ̀tún lọ."

Ọ̀tún rọra fa ẹsẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí ìkẹyìn, Ìyá Àkànkẹ́, ìyá Ògúndèyí, tó ń tọ́jú ojúbọ Ògún ilé wọn. Láti Alajue ló ti fi ẹsẹ̀ rìn wá, ó sì kọ́kọ́ mu omi ife méjì kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni irin yìí wà lọ́dọ̀ Ògún?"

"Ó wà níbẹ̀. Àárín òòlù bàbá rẹ̀ àti ìdajì kẹ̀kẹ́ kan ló wà. Ògún fẹ́ràn rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Kò tíì bínú láti ìgbà tó ti dé."

"Ìyá, ti ọkọ̀ tèmi ńkọ́, tí wọ́n yọ lọ́dún tó kọjá?"

"Èwo nínú wọn? Ó pọ̀ níbẹ̀. Mo fi ọ̀kan de ìgò epo mi, ó bá a mu gan-an ni."

Baálẹ̀ ní kí á padà sórí ọ̀rọ̀ tíṣà. "Ṣé Ògún lè yọ̀ǹda rẹ̀?"

"Bí ẹni tó ni í bá wá tọrọ rẹ̀. Kó mú obì lọ́wọ́, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Díákónì dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ́. "Baálẹ̀, ẹ wò mí. Wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ọjọ́ orí. Owó tó yẹ kí wọ́n máa fún mi, mi ò rí i. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti ń dìde fún mi bí mo bá wọlé, ìjọ mi ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo lọ kúnlẹ̀ ní ojúbọ Ògún, wọ́n á yọ mí lóyè kí ìsìn tó parí. Mi ò lọ. Kí ọkọ̀ máa jókòó, kí ebi máa pa wá."

"Ta ló ní kó kúnlẹ̀?" Ìyá Àkànkẹ́ ní. "Ògún kì í ṣe hẹdimásítà."

Àwọn olóyè mẹ́ta fi orí kan orí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. A gbọ́ tí Ọ̀tún ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, a sì gbọ́ tí Ìyálóde ní kí wọ́n ta Ọ̀tún. Níkẹyìn Baálẹ̀ tún fìlà dé, a mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé.

"Irin yìí, ti Ògún ni," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀, ti tíṣà ni. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé Ògún ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀? Irin náà á wọ ọkọ̀ tíṣà gẹ́gẹ́ bí èrò. Ihò tí wọ́n fi bóòtù dí yẹn ni ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ ó bá Ògún sọ ọ́, nítorí ẹ ti mọ ara yín. Ògúndèyí á gbé irin jáde wá sí ojú títì. Tíṣà ò ní dé ojúbọ. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n á kọjú sí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, wọn ò sì ní wo ẹ̀yìn. Gbénga á so ó mọ́ ibi tó yẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi tíṣà léèrè, wọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ògún. Èrò ni wọ́n gbé."

Díákónì rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò rí ibi tó ti tako ẹ̀kọ́ ìjọ.

"Ó ku kan," Baálẹ̀ ní. "Ògún kì í fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ láìbojútó. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tíṣà á gbé ìyá yìí láti Alajue wá sí Ẹdẹ, wọ́n á sì gbé wọn padà. Iwájú ni ìyá á máa jókòó. Wọn ò ní san nǹkan kan, torí irin ni wọ́n ń bẹ̀ wò."

"Pẹ̀lú ẹrù mi?" Ìyá Àkànkẹ́ béèrè.

"Pẹ̀lú ẹrù yín."

"Ògún gbà," ìyá ní. A ò rí ìgbà tó bi í.

Ògúndèyí ti ń múra láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ nígbà tí Baálẹ̀ na ìka sí i. "Ìwọ dúró. Ìwọ tí o lẹ ẹnu iná, wọ́n á lẹ ẹnu tìrẹ náà. Ọjọ́ méje. Àyàfi ìgbà tí o bá fẹ́ jẹun, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ohun tí o bá ní láti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ, máa fi ojú ṣẹ́ ẹ. Gbénga lá máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"Bàbá, Gbénga kẹ̀? Àwa méjèèjì kì í kí ara wa."

"Ẹ ò ní kí ara yín. Á kàn máa kà ọ́ ni."

Ìyálóde fúnra rẹ̀ ló lẹ pílásítà náà, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ògúndèyí wo Baálẹ̀, ó ṣẹ́jú méjì, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú méjì. Ọ̀tún ní mẹ́rin ni. Gbénga ní ẹ jẹ́ kóun wo ìwé. Ó tú u, ó fi ìka tẹ̀lé e wá sísàlẹ̀, ó ní Ògúndèyí ní òun gba ìdájọ́ náà tọkàntọkàn. Bí ojú Ògúndèyí ṣe rí nígbà yẹn, kò jọ pé ohun tó wí nìyẹn.

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo gbọ́ pé Díákónì kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ọrùn dùn ún, àti pé ìgbà tí Gbénga so wáyà padà, iná kú fúnra rẹ̀, láìsí pílásítà. Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ti mọ ibi tí òun wà.

Òní ni ọjọ́ ọjà, èmi náà sì lọ sí oríta ọ̀nà Ara láàárọ̀, mi ò ní nǹkan kan láti rà níbẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà ní ìdúró tí wọ́n ń pe èrò, kò sí èrò kankan nínú wọn. Gbogbo èrò ló rọ̀ mọ́ ọkọ̀ Díákónì. Ìyá Àkànkẹ́ jókòó síwájú pẹ̀lú agbọ̀n gbáàgúdá lẹ́sẹ̀, ó ń kí gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ láti àná pé irin Ògún fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn. Bí ọ̀nà Ara ṣe bàjẹ́ tó yìí, ta ni kò ní fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ẹni tó ni gbogbo irin ti wà nínú rẹ̀? Àwọn ìyá ìjọ méjì ti jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń wo òde lójú fèrèsé, wọn kò wo ara wọn.

Bọ́lánlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́. Abọ́ náà ti ṣófo, ètè Díákónì sì ń dán fún epo ọbẹ̀. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Bàbá kan tó gbé adìẹ méjì lọ́wọ́ tẹ̀ síwájú. "Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ọkọ̀ tí Ògún wà nínú rẹ̀ nìyí?"

Gbogbo èrò yíjú sí Díákónì. Mo sún mọ́ wọn sí i. Díákónì wo àwọn ìyá ìjọ tó wà lẹ́yìn. Ó wo Ìyá Àkànkẹ́, ìyá náà sì ń wo iwájú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú aṣọ ìnujú, ó nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí kò ní ìdọ̀tí kankan lára.

"Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn."